Wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé èjìká: kí lẹ lè gbé, ìgbà wo lẹ sì lè gbé e?

Ìbéèrè tó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé èjìká fún ni pé "ṣé mo ṣì máa lè gbé nǹkan báyìí?" Àwọn kan ń bèèrè torí jíìmù tí wọ́n ti ń lọ tẹ́lẹ̀, àwọn míì torí ọmọ-ọmọ tó wà nílé, àwọn míì torí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Ìdáhùn tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ará ilé àti ọ̀rẹ́ kì í sì dọ́gba rárá, ẹnì kan á ní "ẹ má gbé nǹkankan mọ́ láyé yín", ẹlòmíì á ní "ọwọ́ tí ò bá ṣiṣẹ́ á gan ni o, ẹ máa nà án dáadáa". Méjèèjì ló lè ba èjìká tí wọ́n fi owó ńlá ṣe jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ò ju ẹyọ kan lọ: ìrora máa ń tètè lọ ju bí iṣan ṣe ń jinná lọ, àárín ìgbà tí ìrora ti lọ tí iṣan ò sì tíì jinná yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ara wọn léṣe, inú ilé ni wọ́n sì ti ń ṣe é, lórí àga, lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ti ń wọṣọ, kí wọ́n tó ronú kan jíìmù rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀. Orí eegun apá wa rí roboto, ara eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká ló sì jókòó sí, ibi tó jókòó sí yẹn ò jìn rárá. Tí ti ìbàdí bá dà bí ọmọ odó nínú odó, ti èjìká dà bí ọsàn tí wọ́n gbé lé àwo pẹrẹsẹ, iṣan mẹ́rin tó rọ̀gbà yí i ká ló ń jẹ́ kó dúró. Torí ẹ̀ ni ọwọ́ wa fi lè lọ síwájú, kó lọ sẹ́yìn, kó lọ sókè, kó yí po, tí ẹsẹ̀ ò lè ṣe irú ẹ̀, torí ẹ̀ náà ló ṣe rọrùn fún èjìká láti yẹ̀. Bí orí eegun yẹn bá wá bàjẹ́, bóyá ọjọ́ orí ló dé tí ohun tó ń dán lójú eegun ti ha tán, bóyá àrìnká ni, bóyá àgbàlagbà ṣubú tí orí eegun fọ́ sí wẹ́wẹ́, eegun á máa ha eegun, èèyàn ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, ò ní lè ya irun orí ara ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti ń wọlé.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é o. Ní 1893, ní Paris, dókítà Jules-Émile Péan fi èjìká àtọwọ́dá sára ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan tí ikọ́ ife ti jẹ eegun ẹ̀, àìsàn kòkòrò ò kúrò níbẹ̀, wọ́n sì padà yọ ọ́ lẹ́yìn bí ọdún méjì. Charles Neer ní New York ló wá ṣe èyí tó dúró, láti àwọn ọdún 1950, nígbà tó sì di 1985, Paul Grammont ní Dijon, nílẹ̀ Faransé, gbé irú kan jáde tó yí gbogbo ẹ̀ po. Èyí tí Grammont ṣe yẹn ló jẹ́ kó di oríṣi méjì lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí tí wọ́n ṣe fún yín, torí ìkìlọ̀ wọn yàtọ̀ síra.

Àkọ́kọ́ lèyí tó jọ ti àdámọ́. Irin roboto á rọ́pò orí eegun apá, pílásítíìkì líle á rọ́pò ojú ibi tó ń jókòó sí. Kí dókítà tó lè débẹ̀, ó máa ní láti já iṣan kan kúrò níwájú èjìká, iṣan tó ń yí apá wọnú, òun la fi ń tẹ ọwọ́ mọ́ ikùn, tó bá ṣe tán á rán an padà. Ẹ fọkàn sí iṣan yìí o, torí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ òfin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún. Irin ti le látìgbà tó ti jáde nílé iṣẹ́, ibi tí wọ́n rán ni ò tíì le, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó di ara ẹ̀ mú, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó ní agbára téèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní rífáàsì. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù irin sára eegun ẹ̀yìn èjìká, wọ́n á wá fi kọ́ọ̀bù sórí eegun apá, ìyẹn ni pé ohun tó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sósì. Ẹni tí iṣan mẹ́rin yẹn ti já tàbí tí wọ́n ti gbó jù ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, pàápàá àwọn àgbàlagbà, torí iṣan ńlá tó bo èjìká lókè ni á máa gbé apá wọn dípò àwọn tó ti já. Ní Amẹ́ríkà, látìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí i ní 2003, ó ti gbilẹ̀ débi pé òun ló ju ìdajì lọ báyìí nínú àwọn èjìká tí wọ́n ń pààrọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ọwọ́ lọ sẹ́yìn kó tún yí wọnú, bí ìgbà téèyàn fẹ́ ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò lẹ́yìn, tàbí ó fẹ́ yọ pọ́ọ̀sì nínú àpò ìdí, tàbí ó fi ọwọ́ ti ara ẹ̀ dìde lórí àga. Ó lè yẹ̀ níbẹ̀ wàrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, ìdí ẹ̀ sì ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù láyé. Tí ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé bá dí ojú ọ̀nà, orí eegun ò ní rí ẹ̀jẹ̀ jẹ, á kú díẹ̀díẹ̀, ti ìbàdí ló wọ́pọ̀ jù, ti èjìká ló tẹ̀ lé e, àwọn SS ló ń ṣe, ó ń ṣe àwọn SC náà. Àwọn tí mò ń sọ yìí ò tíì dàgbà o, ọmọ ogún ọdún àti ọgbọ̀n ọdún ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú ọmọ, wọ́n fẹ́ lọ jíìmù bí ẹgbẹ́ wọn. Nínú èjìká mẹ́wàá tí wọ́n pààrọ̀, bíi mẹ́sàn-án ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún bàbá ẹni ọdún 75, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 32 ṣì ní ọdún tó pọ̀ gan-an níwájú, ó sì ní láti fara balẹ̀ mọ irú ẹrù tó máa kó lé e, kó má baà di pé wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, torí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn yìí náà gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa kí wọ́n tó ṣe eré ìdárayá àti nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí wọ́n má jẹ́ kí òtútù mú wọn, kí wọ́n sì sinmi kó tó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, torí kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle tí àrùn yìí máa ń dá sílẹ̀ lójijì, ò mọ̀ pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ópéréṣọ̀n.

Ó dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Sílíńgì, aṣọ tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́ ọrùn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n kàn máa ń yọ ọ́ láti wẹ̀, láti wọṣọ àti láti ṣe ìdárayá tí fisió, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, fún wọn. Ọwọ́ tí wọ́n ṣe yẹn ò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo ju ife tíì lọ, àwọn dókítà kan ò tiẹ̀ ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ìyẹn gan-an ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n èyí ò ní kẹ́ ẹ jókòó gelete. Láti ọjọ́ kejì lẹ ti lè máa di ẹ̀ṣẹ́ kẹ́ ẹ máa tú u, kẹ́ ẹ máa yí ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ máa ká ìgbọ̀nwọ́ kẹ́ ẹ máa nà án, kẹ́ ẹ sì máa rìn. Rírìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, ó ń lé ẹ̀jẹ̀ dídì jìnnà, ó ń jẹ́ kí èémí já gaara, kò sì pa èjìká lára, ẹ kàn máa wo ilẹ̀ dáadáa torí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kan wà nínú sílíńgì ò ní rí nǹkan fi gba ara ẹ̀ mú tó bá yọ̀.

Ìdárayá kan wà tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn nígbà yìí, tí dókítà yín bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ fi ọwọ́ tó dáa di etí tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ látìdí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tí wọ́n ṣe so rọ̀ sílẹ̀ bí ohun tí ò ní alágbàtọ́, ẹ wá fi ìdí àti orúnkún mi ara yín síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí apá yẹn máa fì fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ mi ara sọ́tùn-ún sósì, ẹ wá jẹ́ kó yí róbótó kékeré. Apá ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe, wọ́n á dúró gan-an, wọ́n á máa fi agbára èjìká ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ń ṣe ìdárayá, iṣan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ni wọ́n ń fà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ ń ṣe é dáadáa, ẹ dá ara dúró lẹ́ẹ̀kan, tí apá bá ṣì ń fì díẹ̀ kó tó dúró, ó dáa, tó bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin lẹ̀ ń jù ú.

Òfin kékeré kan wà tí àwọn fisió fẹ́ràn, mo sì rò pé ó ju gbogbo ìwé tí wọ́n ń há fún èèyàn lọ: ẹ gbọ́dọ̀ máa rí ìgbọ̀nwọ́ yín nígbà gbogbo. Tẹ́ ẹ bá wo iwájú tí ẹ ò rí ìgbọ̀nwọ́ yín mọ́, ó ti lọ sẹ́yìn jù. Torí ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń fi ìrọ̀rí tẹ́ abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ nígbà téèyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja, kó má baà jábọ́ sẹ́yìn ara lójú oorun. Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ ní lè sùn gbalaja ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n á máa sùn bí ẹni jókòó bí ẹni dùbúlẹ̀, ìyẹn ò burú.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àga. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ṣe tiẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, mo jókòó tì í, mo wo bó ṣe ń dìde, ó kọ́kọ́ sún ìdí wá sí etí àga, ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ orúnkún, ó tẹ̀ síwájú títí imú ẹ̀ fi kọjá orúnkún, ó wá fi ẹsẹ̀ gbé ara ẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n ṣe ò kúrò nínú sílíńgì, ọwọ́ kejì ló fi kan apá àga díẹ̀ kó má baà mì. Wọ́n ti gbé sófà tó rì kúrò ní pálọ̀ fún un, wọ́n gbé àga ìjẹun tó ga síbẹ̀, wọ́n sì tún tẹ́ ìrọ̀rí sórí ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ méjèèjì ti àga dìde, ó ti kó ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ara ẹ̀ lé èjìká ọjọ́ mélòó kan, ẹni 80 kílò ò sì ní mọ̀ pé ohun tí òun gbé yẹn ju gbogbo irin tí òun ń sá fún ní jíìmù lọ.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn ní ọsibítù ìlú òyìnbó á sọ nípa gọ́ọ̀fù àti tẹ́níìsì, wọn ò ní sọ nípa ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọkùnrin tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gba ara ẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ náà ló tún fi ń ti ara ẹ̀ dìde, ìyẹn ò yàtọ̀ sí púṣọ́ọ̀pù kan, ẹ má ṣe é rárá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn náà ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó ṣe é. Kẹ́ ẹ tẹrí ba, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lórí ìdúró, àgbà tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ní bínú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ìyá sì ti sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n tó dé òde àríyá. Àwọn tó ń kírun náà, sùjúùdù àti dídìde níbẹ̀ ń kó ẹrù lé ọwọ́, ẹ̀sìn sì ti fàyè gba aláìsàn láti jókòó lórí àga kó fi orí ṣe àmì, ẹ lo àyè yẹn. Ìkúnlẹ̀ fúnra ẹ̀ ò ṣe èjìká ní nǹkankan, bí wọ́n ṣe máa dìde ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó dáa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ di ọwọ́ tí wọ́n ṣe mú kó fi fa yín sókè. Mo ti rí i tí ọmọ tó fẹ́ ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ fà á lápá yẹn, inú rere ni, ìyá náà sì ké.

Fún àwọn ìyá, pípọn ọmọ ló le jù. Ẹ ronú sí i, wọ́n á gbé ọmọ yí lọ sẹ́yìn, wọ́n á fi ọwọ́ kan di ìdí ẹ̀ mú lẹ́yìn, wọ́n á fi ọwọ́ kejì na ìró, gbogbo ohun tí wọ́n ní kí èjìká má ṣe ló pé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n bá a ṣeré. Kọ́ọ̀sẹ́ tàbí bùràsíà tó ń ti lẹ́yìn, ẹ wá èyí tó ń ti níwájú. Gèlè, kí ẹlòmíì bá wọn wé e títí dókítà á fi ní kí wọ́n máa gbé ọwọ́ sókè. Àmàlà ríro ńkọ́? Ọwọ́ tó ń ti ọmọrogùn wọnú nínú ìkòkò tó ti ki, iṣan iwájú èjìká tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn gan-an ló ń ṣe é, nítorí náà àmàlà, iyán gígún, fífún aṣọ àti lílọ ata lórí ọlọ, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iyán gígún sì lè má padà mọ́ rárá fún ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọṣọ, ọwọ́ tí wọ́n ṣe ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni kó jáde kẹ́yìn, bùbá tó fẹ̀ dáa, èyí tó ní bọ́tìnnì níwájú látòkè délẹ̀ ló dáa jù.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí 12, sílíńgì á kúrò, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fisió á ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ di igi mọ́ọ̀pù mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ọwọ́ tó dáa máa gbé ìkejì sókè, tàbí kẹ́ ẹ jókòó ti tábìlì kẹ́ ẹ fi aṣọ sábẹ́ ọwọ́ kẹ́ ẹ máa tì í síwájú, tàbí kí ìka máa gun ògiri lọ sókè. Kò sí ẹrù nínú gbogbo èyí. Ìgbà yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ara á ti fúyẹ́, oorun á ti padà, èèyàn á ti máa wakọ̀, gbogbo ayé á máa sọ pé "ẹ ti gbádùn o", ó wá ku kí omi tán nílé kí wọ́n sì rí kẹ́ẹ̀gì lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ní ó ti tó, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ agbára. Rọ́bà fífà tó rọ̀ jù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tàbí ìgò omi 50cl kan, ìdajì kílò nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é ní ìgbà 15 láìsí ìrora, tí èjìká ò sì dùn yín mọ́jú ọjọ́ kejì, ẹ lè fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìrora ọjọ́ kejì yẹn ni olùkọ́ yín, ìrẹ̀ ara lásán tó lọ láàárín ọjọ́ kan ò ní wàhálà, èyí tó bá ta gbọ̀ngbọ̀n lóru tàbí tó mú kí ọwọ́ má lè dé ibi tó ń dé lánàá, ẹ ti kọjá ààlà. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ tó, iṣan ń dàgbà nígbà tó bá ń sinmi.

Ẹni tó bá fẹ́ padà sí jíìmù gan-an, oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ń tó kí wọ́n tó gbé ohun tó ní láárí. Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé bí ẹrù ṣe jìnnà sí ara tó ló ń pinnu bí èjìká ṣe máa jìyà tó. Ní Berlin, àwọn oníwádìí fi ẹ̀rọ kékeré sínú èjìká àtọwọ́dá kí wọ́n lè ka agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ níbi tí ẹni náà ti ń ṣe iṣẹ́ ojúmọ́, wọ́n rí i pé tí èèyàn bá na ọwọ́ gbọọrọ síwájú tó gbé ohun tí ò tó kílò méjì, ohun tó ń tẹ oríkèé yẹn lè tó ìwọ̀n gbogbo ara ẹ̀. Kẹ́tùlù omi lásán! Nítorí náà, ìgbọ̀nwọ́ kíká, ẹrù mọ́ àyà, ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ni kó gbé e.

Nínú jíìmù, ohun tí mo máa ní kí wọ́n yẹra fún lèyí tó ń gbé ìgbọ̀nwọ́ kọjá sẹ́yìn ara tàbí tó ń ju ẹrù sókè orí lójijì. Bẹ́ńṣì púrẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń sọ irin kalẹ̀ títí kan àyà, dípì tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara wọn sókè láàárín irin méjì, kí wọ́n máa fa irin tàbí gbé e lẹ́yìn ọrùn, púlọ́ọ̀pù tí gbogbo ara so kọ́, gbígbé irin lé èjìká lẹ́yìn láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ń fa iwájú èjìká tàbí ó ń ti bọ́ọ̀lù yẹn lọ sí etí. Ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ dípò bẹ́ńṣì, kẹ́ ẹ fi dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì kékeré ti sókè, ilẹ̀ á dá ìgbọ̀nwọ́ dúró kó tó lọ sẹ́yìn jù. Ẹ jókòó fa rọ́bà tàbí okùn mọ́ ikùn, ẹ dúró bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ara. Fún ẹsẹ̀, ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì, àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ tí wọ́n ṣe fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà gírígírí bí ẹrù bá wúwo. Kẹ̀kẹ́ tó dúró lójú kan dáa gan-an, odò wíwẹ̀ sì dáa lẹ́yìn oṣù mélòó kan tójú ọgbẹ́ ti di pátápátá, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà tí ọwọ́ kì í fi í jáde sókè omi.

Kílò mélòó ni òpin wá jẹ́? Àwọn dókítà gan-an ò fẹnu kò. Iye tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni 25 pọ́n-ùn, tó jẹ́ bíi kílò 11, fún gbígbé déédéé, àwọn kan ní kó má tó bẹ́ẹ̀ fún rífáàsì, àwọn míì sì ti ń gbà kí ẹni tó ti ń gbé irin tẹ́lẹ̀ padà sí i tó bá ṣe é díẹ̀díẹ̀. Kó lè yé wa, àpò píọ̀ wọ́tà kan tó ní 20 nínú jẹ́ bíi kílò mẹ́wàá, nítorí náà àpò kan pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà ti wà ní etí ààlà, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ti kọjá ẹ̀ ní ìlọ́po méjì, àpò ìrẹsì 50 kílò ò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ni pílásítíìkì tó wà nínú oríṣi àkọ́kọ́, èyí tó jọ ti àdámọ́, òun ló sábà ń kọ́kọ́ tú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ìgbà tí ẹrù bá ti bọ́ọ̀lù sí etí kan, pílásítíìkì yẹn á gbé etí kejì díẹ̀, á máa mì bẹ́ẹ̀ títí á fi tú. Torí ẹ̀ ni dókítà Frederick Matsen ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ṣe gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa gbé nǹkan wúwo, tí wọn ò ní fi pílásítíìkì sí i, wọ́n kàn máa gbẹ́ eegun yẹn kó bá irin mu, ṣùgbọ́n kí ara ẹ̀ tó yá máa ń pẹ́, ìdárayá ẹ̀ sì le, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Tèmi ni pé ẹni tó ń fi gbígbé ẹrù jẹun gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà, torí èjìká tí wọ́n máa yàn fún un lè yàtọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán an tán, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ fisió nílé wa nílẹ̀ yìí máa ń dùn mí. Ọsibítù eegun Ìgbòbí ní Èkó wà látọdún 1945, ó ní àwọn fisió tó mọ iṣẹ́, UCH Ìbàdàn náà ní, ṣùgbọ́n èjìká ò wọ́pọ̀ bíi ìbàdí àti orúnkún lọ́wọ́ wọn, ẹni tó sì ń sanwó lápò ara ẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì kó má lọ mọ́. Tí owó ò bá tó, ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ ní kí fisió kọ ìdárayá oṣù kan sílẹ̀, kó jẹ́ kẹ́ ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá padà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ lọ bá àwọn tó ń to eegun pé kí wọ́n bá yín fa èjìká tó gan. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn lórí eegun tó kán, àmọ́ ẹni tó bá fi agbára yí èjìká onírin lè yẹ̀ ẹ́, ó lè já ibi tí wọ́n rán, ó tiẹ̀ lè kán eegun tó wà lábẹ́ irin. Róòbù àti òróró gbígbóná náà, ẹ má jẹ́ kó kan ojú ọgbẹ́ tí ò tíì di.

Ẹ padà lọ bá dókítà kíákíá tẹ́ ẹ bá gbọ́ "pọ̀" nínú èjìká tí agbára sì lọ lójijì, tí ọwọ́ ò lè tẹ ikùn mọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí èjìká bá yí ìrísí padà, tí ìka bá kú tipiri tí kò lọ. Nínú rífáàsì, ìrora tuntun lórí eegun tó wà lókè èjìká gan-an, níbi tí okùn báàgì ń gbé, lè jẹ́ pé eegun ibẹ̀ ti ń sán, ẹ dá gbígbé ẹrù dúró kẹ́ ẹ lọ ya x-ray. Ibà, ojú ọgbẹ́ tó ń sun omi, ìyẹn ò nílò àlàyé. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kòkòrò kan ń gbé nínú awọ ara èjìká àti abíyá, Cutibacterium acnes lorúkọ ẹ̀, kì í mú ibà wá, kì í sun ọyún, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún kó kàn máa mú èjìká gan, kó máa dùn díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, èjìká tó ti dáa tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gan láìnídìí, ẹ má kàn sọ pé ọyẹ́ ló fà á.

Àwọn tí wọ́n ṣe tiwọn ní òkè òkun tí wọ́n ń bọ̀ wálé ọdún, ẹ gba ìwé tó sọ irú èjìká tí wọ́n fi sí yín lára, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti iye tí dókítà ní ẹ lè gbé, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù, torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà Èkó tàbí Ìbàdàn máa bèèrè nìyẹn. Irin yẹn lè dún ní ẹ̀rọ ẹ́ápọ̀ọ̀tù, ẹ kàn sọ fún wọn. Àpótí kan tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà sábà máa ń jẹ́ kílò 23, ẹ ò sì ní lè fà á kúrò lórí bẹ́líìtì tó ń yí láìna ọwọ́ jìnnà sí ara, ẹ sanwó fún ẹni tó máa bá yín gbé e, ẹ sì bẹ ẹni tó jókòó tì yín kó bá yín gbé báàgì ọwọ́ sókè nínú ọkọ̀. Kẹ́ ẹ pín ẹrù ọ̀hún sí àpótí kéékèèké ṣáájú ló tún dáa jù, kí kálukú wọn má ju kílò mẹ́wàá lọ.